Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ní ìlú Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kó 240 ènìyàn jọ ní àwọn ọdún tí kòrónà gbòde. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi páálí kékeré ránṣẹ́ sílé àwọn kan, pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba ohun tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ihò ìdí wà lára wọn. Wọ́n ní kí àwọn yòókù lọ sí ilé ìwòsàn, kí òṣìṣẹ́ ìlera bá wọn gbà á. Nígbà tí èsì jáde ní 2023, nínú 100 àwọn tó gba páálí, 89 ló ṣe é. Nínú 100 àwọn tí wọ́n ní kó lọ sí ilé ìwòsàn, 74 ló lọ.

Ẹni tó bá ka òǹkà yìí á ní kí ló wá ṣòro láti mọ̀ níbẹ̀, ilé ṣáà rọrùn ju ìta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ọ̀hún ná. Ọkùnrin náà á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, á tú páálí, á tẹ́ ìwé tí wọ́n ya àwòrán sí sílẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti tó o. Á mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ṣe nǹkan rírọ̀ sí lórí, á fi omi rẹ ẹ́. Á lóṣòó, tàbí kó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí báàfù. Á tì í wọ ihò ìdí níwọ̀n ínǹṣì méjì, á wá máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe ń fà á bọ̀. Kò ríran débẹ̀, ọwọ́ ló fi ń wá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, á ki igi ọ̀hún bọ inú ìgò olómi, á dé e, á kó o sínú àpòòwé, á gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní lò tó ìṣẹ́jú kan lórí ohun kan náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ̀n. Ẹni tó dá a ṣe nílé ni yóò sùn tí yóò máa rò ó pé, ṣé mo tì í dé ibi tó yẹ? Ṣé mi ò ti bà á jẹ́? Nípa ti ara, ilé gan-an ló le. Ohun mìíràn ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń rí nílé tí ilé ìwòsàn kò ní.

Ìtìjú ni ìdáhùn tó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu, mi ò sì ní sọ pé irọ́ ni. Ibi tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́ gbé jáde. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2009, òṣèré obìnrin nì, Farrah Fawcett, kú nípa jẹjẹrẹ ihò ìdí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Michael Jackson kú, gbogbo ayé sì yíjú síbẹ̀; orúkọ àìsàn tó pa obìnrin náà kò rí àyè. Marcia Cross, òṣèré mìíràn, ní irú àìsàn kan náà, ó sì wò sàn. Òun ló yàn láti jáde sọ ọ́ ní gbangba, kí ojú má bàa máa ti àwọn ẹlòmíràn. Jẹjẹrẹ yìí kò yan ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè ẹ̀sìn. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìbátan rẹ̀ kan náà tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, èyí tí ìjọba wa ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdébìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní 2023.

Ṣùgbọ́n kò pín dọ́gba. Láàárín gbogbo ènìyàn, nínú 100,000, ẹnì kan tàbí méjì ni jẹjẹrẹ ihò ìdí ń mú lọ́dún. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tí kòkòrò HIV kò sí lára wọn, nǹkan bíi 19 ni. Tí HIV bá wà lára wọn, ó di nǹkan bíi 85. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń rí sí àìsàn yìí fi sọ ní 2024 pé kí ẹni tó ní HIV nínú wọn máa ṣe àyẹ̀wò láti ọmọ ọdún 35, kí ẹni tí kò ní in bẹ̀rẹ̀ láti 45.

Nínú ọ̀rọ̀ "ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin" yìí ni ìdààmú wà. Obìnrin tó lọ yẹ ọmú wò kò sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀ ju pé ó ní ọmú lọ. Ọkùnrin tó lọ yẹ kókó ojú ara tí òyìnbó ń pè ní prostate wò kò sọ ju pé àgbà ti dé sí i lọ. Àyẹ̀wò ti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni wọn kò lè bèèrè fún láìjẹ́wọ́ kí wọ́n tó bọ́ ṣòkòtò. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ara ọkùnrin náà, ó ti sọ ẹni tó ń bá sùn. Ta ló sì ń gbọ́ ọ? Ní 1952, ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba ní kí Alan Turing, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà lélẹ̀, yan ẹ̀wọ̀n tàbí oògùn tí yóò pa ìfẹ́ ara rẹ̀ kú. Oògùn ló gbà, dókítà ló sì fún un. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ tó yọ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin kúrò nínú ìwé àrùn wọn. Àjọ ìlera àgbáyé kò yọ ọ́ títí di 1990. Ọkùnrin tó lé ní 70 ọdún lónìí ti gbọ́njú dáadáa nígbà tí ẹni tó wọ aṣọ funfun ṣì lè pe ìfẹ́ rẹ̀ ní wèrè. Bó bá tún wá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó mọ̀ nípa Tuskegee, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis láti 1932 sí 1972 láìtọ́jú wọn. Ní Milwaukee náà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣe àyẹ̀wò kò pọ̀ tó àwọn yòókù, ì báà ṣe nílé ì báà ṣe ní ilé ìwòsàn. Páálí kò lè pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ìtìjú nìkan ló wà níbẹ̀, mo rò pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ì bá fi ara pamọ́ pátápátá. Wọn kò fi pamọ́. Ohun tó ti inú ara wọn wá ni wọ́n kó fún òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọn kò mọ̀ rí, tí wọn yóò kọ orúkọ kòkòrò tí wọ́n bá rí níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ojú ènìyàn kò ní ṣe èyí. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń wá ni ètò: kí ẹni tó ni ara fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, kó sì jẹ́ òun ni yóò pinnu ẹni tó kàn.

Ìjà lórí ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ gbọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1985 ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún HIV jáde. Láìpẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe èyí tí ènìyàn lè ṣe nílé. Àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà kò gbà. Wọ́n ní ẹni tó bá dá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, láìsí ẹni tí yóò dì í mú, lè pa ara rẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n tó fọwọ́ sí èyí tí ènìyàn ń fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé. Ó di 2012 kí wọ́n tó gbà kí ènìyàn fi nǹkan nu ẹran eyín ara rẹ̀, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí èsì. Fún ọdún tó lé ní 20, ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀: ṣé a lè fi ìròyìn ara ènìyàn síkàáwọ́ rẹ̀?

Kí a tó bú àwọn aláṣẹ wọ̀nyí, ká rántí bí a ti ń ṣe é nílé tiwa. Bí ẹnì kan bá kú lẹ́yìn odi, a kì í pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Àgbà méjì tàbí mẹ́ta á kó ara wọn jọ, wọ́n á jí lọ. Wọ́n á kí i, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á bèèrè oúnjẹ tó jẹ. Ẹnì kan á dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà á ti mọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu, nítorí bí wọ́n ṣe tò wọlé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá wà nínú èyí, èmi kò sì rí ohun tí ìwé èsì orí fóònù lè fi rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n yìí kan náà ni a fi ń pa àìsàn ènìyàn mọ́ fún un. Dókítà á pe ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn ilé, ẹ̀gbọ́n á pe ìyàwó, ìyàwó á pe pásítọ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́, ẹni tó ni ara ni yóò gbọ́ kẹ́yìn. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Ìbàdàn, ẹ ó rí obìnrin tó gbé ìgò àgbo jẹ̀dí kalẹ̀, tí awakọ̀ ń gbà á mu ní ìdúró. Ẹni tí ìdí ń dùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára ìgbẹ́ rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí la ti sọ pé ó ń ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àmì tí jẹjẹrẹ ihò ìdí ń fi hàn náà nìyẹn, kódà àwọn dókítà Amẹ́ríkà máa ń ṣì í mú fún jẹ̀díjẹ̀dí. Nílé wa, a lè mu orúkọ kékeré yẹn títí tí orúkọ ńlá yóò fi dé.

Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó dá gbọ́ lè ṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbé e. Ẹni tí ìdílé bá gbọ́ fún lè má mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn àti pé òun lè ṣe nǹkan sí i. Tí wọ́n bá ní kí n yàn, èmi á mú ti àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó ti gbọ́ lè lọ wá àgbà tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ni ìròyìn tó ń wọlé ọ̀hún tilẹ̀ ń sọ? Èyí ló gba ìrònú jù. Páálí yìí kò lè sọ pé jẹjẹrẹ wà. Ohun tó lè sọ ni pé kòkòrò HPV tó léwu wà níbẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èyí tó ju ìdajì nínú àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ní HIV ló ní in. Púpọ̀ nínú wọn kò ní rí jẹjẹrẹ láéláé. Kódà níbi tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó lè padà sípò. Ní Sydney ní Ọsirélíà, wọ́n tẹ̀ lé 617 ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ ló lọ fúnra rẹ̀ láìsí oògùn. Síbẹ̀, nígbà tí ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ANCHOR, tọ́jú irú ibi bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ní HIV, tí wọ́n sì kàn ń ṣọ́ àwọn ẹlòmíràn, ìtọ́jú dín jẹjẹrẹ kù ní ìdá 57 nínú 100. Ẹni 9 ló ní in láàárín àwọn tí wọ́n tọ́jú, ẹni 21 láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, nínú iye ènìyàn tó lé ní 4,400. Nítorí náà, ìwé tó wọlé ń sọ pé: ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe yìí ni yóò bá ọkùnrin náà jí, tí yóò bá a jẹun. Ikú la mọ bí a ti ń túfọ̀ rẹ̀, ìbí la mọ bí a ti ń yọ̀ sí i. Fún ó ṣeé ṣe, a kò tíì dá àṣà kankan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó tó ṣe páálí náà kò tíì dá a.

Ibẹ̀ sì ni ilé ti dópin. Bí èsì bá ní kí wọ́n wò ó síwájú, kò sí páálí tó lè ṣe é. Dókítà tó kọ́ iṣẹ́ náà ni yóò fi fínígà, ọtí kíkan tí wọ́n ń dà sí sàláàdì, pa ibẹ̀, yóò dúró díẹ̀, yóò wá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ibi tó bá funfun. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí kò pọ̀, kódà ní Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn á wakọ̀ kọjá ìpínlẹ̀ méjì kó tó rí ọ̀kan. Mo ti rí àwọn tó ń kọ̀wé bíi pé àyẹ̀wò inú ilé ti gba àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lọ́wọ́ ojú ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn sún ojú náà síwájú díẹ̀ ni, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ wò lè múra sílẹ̀. Èmi kò fojú kékeré wo ìmúrasílẹ̀ yẹn.

Mo fẹ́ dá àwọn tó gbà pé ilé jẹ́ ibi ààbò fún gbogbo ènìyàn dúró díẹ̀. Ẹ ro ti ọkùnrin tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, tí ìyàwó rẹ̀ ló ń kó lẹ́tà wọlé. Ẹ ro ti ọmọ Yorùbá kan ní Houston ní Amẹ́ríkà, tó ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìyá wọn sì ti Nàìjíríà dé láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Láti ilẹ̀ tí òfin 2014 ti lè rán irú ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 14 bó bá gbé ọkùnrin níyàwó ni ìyá náà ti wá. Màmá tó jí ní aago márùn-ún tó gbàdúrà tó sì gbálẹ̀ tán ni yóò kọ́kọ́ rí páálí lẹ́nu ọ̀nà. "Dàmọ́lá, kí lèyí tí wọ́n gbé wá fún ẹ? Ṣé kò sí o?" Ìfẹ́ ló fi bèèrè, ìfẹ́ náà ni yóò sì fi tú u wò bí ọmọ bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ ìdílé rẹ̀, ló fara jọ ilé jù. Àǹfààní páálí wà lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀, tó tún ni àpótí lẹ́tà tirẹ̀. Àwọn tó bá ń ṣe ètò yìí ní láti jẹ́ kí ènìyàn lọ gbà á níbòmíràn, ní ilé ìtajà oògùn tàbí ní ibi iṣẹ́, láìbèèrè ìdí.

Ìwádìí mìíràn wà tí mo fẹ́ràn ju ti páálí lọ, nítorí kò díbọ́n pé ènìyàn lè dá a ṣe. Ní Chicago àti ní Houston yìí kan náà, wọ́n kọ́ àwọn ọkùnrin bí wọn yóò ti fi ìka yẹ ihò ìdí wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní òun nìkan á yẹ ara rẹ̀ wò. Àwọn tó jẹ́ tọkọtaya á yẹ ara wọn wò, ẹnì kìíní á wò fún ẹnì kejì. Ìka kì í ṣe nǹkan kékeré: ìka dókítà obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún fún Marcia Cross ló kọ́kọ́ bá kókó tirẹ̀ pàdé.

Nínú ètò yìí, ẹni tó kàn láti gbọ́ ti wà lórí ibùsùn kan náà. Àwọn ọkùnrin kan á rí i pé ó dùn mọ́ wọn pé ẹni tó mọ ara wọn jù lọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí ohun àjèjì bá wọ ibẹ̀. Àwọn mìíràn kò ní gbà láé. Ibi tí ìfẹ́ ti ń fọwọ́ kàn wọ́n, wọn kò fẹ́ kí orúkọ àìsàn wọ ibẹ̀, kí ọwọ́ olólùfẹ́ má baà di ọwọ́ tó ń wá nǹkan. Wọn kì í ṣe ojo, wọn kò sì kọ ìlera. Wọ́n ti ro ẹni tó yẹ kó gbọ́ ṣáájú àti ẹni tó yẹ kó dúró, wọ́n sì rí i pé nọ́ọ̀sì tí wọn kò mọ̀ rí ló tọ́ láti wà níwájú. Bí a bá fún irú wọn ní páálí àti ìka olólùfẹ́, tí a sì ti ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wọn nítorí pé àyẹ̀wò ti wọ ilé, a ti gba ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ wọn.